Ẹni Tó Ń Gbé Fóònù Rẹ

Akọ̀wé mi, ọmọ bàbá rẹ̀,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù ìlú yẹn ńkọ́? Ṣé ìwé ń wọlé? Ọlọ́run tó sìn ọ́ lọ kò ní padà lẹ́yìn rẹ. Ibi tí wọn ò ti mọ bàbá rẹ, wọ́n á mọ̀ ọ́ níbẹ̀. O kú ara fẹ́ra kù o. Bàbá rẹ ti lọ, kò sí ohun tá a lè ṣe sí i, kí Ọlọ́run dá àwa tó kù sí. Mo mọ̀ pé ìyàwó wa ti sọ fún ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ báyìí láì fi bò.

Kí n tó máa bọ́rọ̀ lọ, bá mi kí i. Mi ò bínú mọ́ pé o gbé ìyàwó sílé láì sọ fún wa. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn obìnrin lórí fóònù rẹ, orí mi gbóná, mo ní áà, ọmọ tá a rán lọ kàwé! Bàbá rẹ kàn ń rẹ́rìn-ín ni, ó ní ṣé kó máa dá gbé ni? Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ọ́ ní Olóhùn-iyọ̀. Ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́. Bó bá ti kí mi lóyìnbó tán, fóònù á dún kíín, á wá dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí màá fi sọ̀rọ̀ tán. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi rí. Àwọn ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà nílé níbí, ta ni nínú wọn tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ mi dé ìdajì?

Fọ́tò yàrá rẹ tí o fi ránṣẹ́ nígbà yẹn, a wò ó títí. Ibùsùn nìyí, sítóòfù nìyí, tábìlì nìyí, gbogbo ẹ̀ lèèyàn lè nawọ́ kàn láì dìde. Bàbá rẹ tó jẹ́ káfíńtà, o mọ̀ ọ́n, ó wo ibùsùn náà, ó ní ti ẹnì kan ni, kò lè gba èèyàn méjì. Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́, pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń fún mọ́ra. Káàdì tí o ní ẹ fi ń ṣílẹ̀kùn ńkọ́? Bó bá sọnù, ṣé ògiri lo máa bẹ̀? Fún ìyàwó wa ní ọ̀kan tọ́jú. Ẹ̀rọ tó ń jẹ owó kó tó fọṣọ yẹn náà, ẹ yé bọ́ ọ, ọwọ́ yín ò ṣẹ́.

Bàbá rẹ ò ṣàìsàn. Ó ń fá pákó ilẹ̀kùn kan lọ́wọ́ ní ìsọ̀, ó ní orí ń fọ́ òun, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò dìde mọ́. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kan pósí, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀ wọ́. Ká ní ó wà láyè ni, ì bá ní kí wọ́n tú u kí wọ́n tún un kàn. A ò lè dúró dè ọ́. Ìwọ lo ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bí o bá kúrò níbẹ̀ lásìkò yìí, wọn ò ní jẹ́ kí o padà wọlé.

O sì mọ bá a ṣe ń ṣe nílé wa. A kì í ju irú ọ̀rọ̀ yẹn lu ọmọ olóòkú. Ẹnì kan á kọ́kọ́ lọ jókòó tì í, á jẹ́ kó jẹun, á di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó tó máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo pè tí Olóhùn-iyọ̀ gbé e, mo dúpẹ́. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Mo ní kó se nǹkan tí o fẹ́ràn, kó má wí nǹkan kan títí o ó fi jẹ ẹ́ tán. Mo ní kó dì ọ́ lọ́wọ́ méjèèjì mú, torí láti kékeré, bí o bá ń sunkún, ṣe lo máa ń forí gbá ògiri. Mo ní kó má sùn àfi tí o bá sùn. Kò fèsì. Mo ní ẹkún ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀, mo bá pa fóònù.

Ibí ni mo kọ ọ́ dé tí mo fi lọ sí ìsọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe, kó bá mi fi òyìnbó bi Olóhùn-iyọ̀ bóyá o ti ń jẹun, àti ìdí tí o ò fi tíì pè mí. Ó gbé e sétí, ó wá ń wò mí. Ó ní, Ìyá, kò séèyàn níbẹ̀, ẹ̀rọ ni. Mo ní bàbá ẹ̀ ni ẹ̀rọ. Ó tún un pè, ó ní kí n gbọ́. Ó tún un pè. Ọ̀rọ̀ kan náà, ibi kan náà tó ti ń mí, kíín kan náà. Ó ní ẹ̀rọ náà máa ń gba ohùn ẹni tó pè pamọ́ ni, pé ẹni tó ni fóònù ló máa gbọ́ ọ, òun nìkan, nígbà tó bá tàn án.

Yéè, ọmọ mi! Gbogbo ohun tí mo ní kó ṣe fún ọ, ìwọ lo máa gbọ́ ọ. Wàá gbọ́ ohùn ìyá rẹ tó ń bẹ ẹnì kan pé kó dì ọ́ mú, kò sì sẹ́ni kankan níbẹ̀. Bóyá o ti gbọ́. Bóyá o ò tíì gbọ́. Mi ò mọ èwo ni kí n máa gbàdúrà fún. Bó o bá ti gbọ́, kí ló dé tó ò pè mí? Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, má bínú. Mi ò ya ojú ìwé àkọ́kọ́, kí o lè rí bí inú mi ṣe dùn tó pé o rí ẹni bá gbé. Mo sì ti kọ ọ́ gàdàgbà sára àpò ìwé yìí pé o ò gbọ́dọ̀ dá a ṣí.

Ìgbà tí o bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, o ní ìlú náà ti mọ́ ọ lára, o ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ò jẹ́ kí o ráyè. Ó gbà ọ́ gbọ́. Ohun tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá nìyẹn, títí tó fi kú. Èmi ò tíì gbà ọ́ gbọ́.

Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí. Fi ra oúnjẹ, kí o gbé e lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ, ẹni tí o ní kì í kí èèyàn yẹn. Bí kò bá dáhùn, kan ti ẹlòmíì. Sọ fún un pé bàbá rẹ kú. Kò sí ìlú tí wọn kì í kú, á yé e. Jẹ́ kó jókòó tì ọ́. Ohun tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ báyìí, orúkọ ni. Orúkọ ẹnì kan péré nílùú yẹn, tó máa ṣílẹ̀kùn bí o bá kàn án. Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, má sì parọ́.

Ilẹ̀ tí o tẹ̀ á gbà ọ́. Ẹ̀yìn bàbá rẹ á dára. Ọlọ́run tí kì í sùn á bá ọ jókòó títí èèyàn á fi dé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.