Káàdì Kan Ló Kù Kó Pé

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bò mí láṣìírí.

Bàtà ni mò ń tún ṣe, mo sì máa ń ta póókà, tẹ́tẹ́ káàdì olówó táṣẹ́rẹ́, lórí fóònù. Káàdì kan ló máa ń kù kí tèmi pé, síbẹ̀ màá ṣáájú sọ̀rọ̀, ìyẹn ni pé màá kọ́kọ́ fowó lé e. Ẹni tó kàn lẹ́yìn mi á ti mọ inú mi, á sì jẹ mí. Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, bó bá kàn yín láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, tí káàdì yín ò pé, ẹ jù ú sílẹ̀.” Mo gbọ́ràn.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyàwó mi ní ṣé kí òun máa lọ kúrò nílé mi ni àbí kí òun dúró. Ọ̀rọ̀ ò tíì pé lẹ́nu mi, mo bá dákẹ́. Ó lọ. Kò dùn mí, kò sì dùn mọ́ mi.

Bàtà rẹ̀ tí mo rán ṣì wà lórí tábìlì. Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ báyìí?