Èémí Tí Mi Ò Kà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mushin dé ni, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi. Ilé mẹ́fà ni mo yà lónìí, torí dókítà òyìnbó wa ní Yaba ṣì fẹ́ mọ bí àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀dọ̀fóóró fún ṣe ń ṣe sí lẹ́yìn tí wọ́n bá padà sílé. Èmi nọ́ọ̀sì ni mo ṣì ń gbé ìwé tí a ń kọ iye èémí wọn sí kiri, bí mo ṣe máa ń gbé e wá bá yín ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tiyín.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń múra dè mí? Ẹ ó ti wẹ̀, ẹ ó ti wọ bùbá funfun tí ẹ fọwọ́ ara yín rán, ẹ ó fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ yín. Bí mo bá kúnlẹ̀ béèrè ara yín, ẹ ó ní, "A dúpẹ́." Lẹ́yìn náà ẹ ó ní kí n lọ bu omi mu lẹ́yìnkùlé. Ìdí ìkòkò omi ni mo ti máa ń gbọ́ ikọ́ yín. Kí n tó padà dé, ẹ ó ti nu ẹnu, ẹ ó ti máa rẹ́rìn-ín.

Àwọn yòókù, mo máa ń ní kí wọ́n bọ́ aṣọ, n ó fi aago ka èémí wọn fún odidi ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni n bá fi sọ fún bàbá tó bí mi pé kí wọ́n bọ́ bùbá? Ojú tì mí. Iye tí mo kọ lọ́jọ́ tí ẹ kúrò lọ́sibítù ni mo ń dà kọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí di Ọjọ́bọ̀ tí ẹkún pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé ẹ ò fẹ́ kó mi láyà sókè ni, àbí ẹ ń dúró kí n bi yín dáadáa?

Lọ́jọ́ Ajé, dókítà dé orí orúkọ yín nínú ìwé náà. Kò yé e bí ẹni tí èémí rẹ̀ ń lọ geere ṣe kú. Ó ní bóyá ikú òjijì ni, pé ara àwọn tó kù ti yá, kí á máa wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Mo lè dákẹ́, Bàbá. Mo jẹ́wọ́ pé mi ò ka èémí yín rí láti ọjọ́ tí ẹ ti kúrò lọ́sibítù. Kò bú mi, ó kàn fa ìlà pa gbogbo iye iwájú orúkọ yín. Ọ̀gá àgbà nọ́ọ̀sì á pè mí lọ́la, mi ò sì mọ̀ bóyá iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Lónìí, ìyá àgbà kan tí orúkọ wọn wà nínú ìwé náà, nítòsí ilé yín, náà ní a dúpẹ́. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo ní, "Mà, ẹ dákun, ẹ bá mi ká bùbá yín sókè."

"Ìwọ ọmọ yìí, mo ní a dúpẹ́!"

Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo tún bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n ká a sókè, mo fi aago ka èémí wọn fún ìṣẹ́jú kan, ó ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ. A ti gbé wọn lọ sí ọsibítù kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n sì wà láàyè.

Mélòó ni tiyín, Bàbá? Ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá gbà mí.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó bọ̀wọ̀ fún yín jù.