Màmá Lìdíà Bánkẹ́ Ajíbóyè, Ẹni Tó Dé Ẹnu Ọ̀nà Mẹ́kà Tí Kò Purọ́ Wọlé

Ní ìlú Igbájọ, ní agboolé Ọláìyá, ni a ti bí Màmá Lìdíà Bánkẹ́ ní ọdún 1938. Bàbá wọn, Jòṣúà Ọláìyá, àgbẹ̀ koko ni. Àwọn náà ló ń lu agogo ìjọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn. Ìyá wọn, Fáòsíátù, ọmọ Mùsùlùmí ni. Ọmọbìnrin méjì ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ. Bánkẹ́ dàgbà lọ́dọ̀ bàbá, wọ́n di ọmọ ìjọ. Àbúrò wọn, Bùsírátù, lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn, Lìádì, wọ́n sì di ọmọ ilé kéú. Ìyẹn kò dá ìjà sílẹ̀. Ẹran Iléyá ń bọ̀ láti ọ̀hún, ìrẹsì Kérésìmesì ń lọ láti ìhín, àwọn ọmọ méjèèjì sì ń yó níbi méjì.

Màmá ka ìwé mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Bàbá wọn kì í fún wọn ní oúnjẹ alẹ́ àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ ka Sáàmù kan lórí. Màmá máa ń rẹ́rìn-ín pé ebi ló kọ́ àwọn ní Bíbélì. Ní 1956, wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí. Ní 1960, wọ́n fẹ́ Olùkọ́ Sámúẹ́lì Ajíbóyè, ọkùnrin gíga tí àwàdà kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí kí àìsàn tó mú Olùkọ́ lọ ní 1972. Màmá sunkún, wọ́n nu ojú, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní 1976, owó epo ń ya ní ilẹ̀ Saudi, wọ́n sì ń kọ́ ilé ìwòsàn ju ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ. Àwọn tó ń wá agbẹ̀bí dé Ìbàdàn, níbi tí Màmá ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì mú wọn. Àwọn ará ìjọ di orí mú.

"Bánkẹ́, ilẹ̀ tí kò sí ṣọ́ọ̀ṣì! Báwo lo ṣe fẹ́ ṣe é?"

Màmá ní, "Ọlọ́run tó ń gbọ́ mi ní Igbájọ, ṣé kò mọ ọ̀nà Jẹ́dà ni?"

Wọ́n fi àwọn ọmọ wọn sọ́dọ̀ ẹbí ní Igbájọ, wọ́n sì lọ. Yàrá kan ni wọ́n gbà ní Al-Ruwais, àdúgbò kan ní Jẹ́dà, ní òkè bàkálà Abdulkarim. Bàkálà ni wọ́n ń pe ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ń ta oúnjẹ lọ́hùn-ún. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìsinmi níbẹ̀, Màmá sì sọ Jímọ̀ di Sọ́ńdè tiwọn. Àwọn àti nọ́ọ̀sì ará Gánà kan tí wọ́n jọ ń gbé máa ń gbé ìkòkò kaná, wọ́n á sì máa kọ orin ìyìn jẹ́jẹ́, nítorí òfin ibẹ̀ kò fàyè gba ìjọsìn Kristẹni, títí ọbẹ̀ yóò fi jiná. Ní ọ̀sán, tí Màmá bá sọ̀ kalẹ̀ wá ra tòmátì, Abdulkarim á wojú wọn, á ní, "Ìkòkò yín tún kọrin lónìí." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sọ fún ẹlòmíràn.

Bùsírátù ti wà ní Mẹ́kà kí Màmá tó dé Jẹ́dà. Wọ́n bá ọkọ wọn, Àlàájì Yẹ̀kínì, lọ sí Hájì ní 1974, wọn kò padà. Àdúgbò An-Nakkasah lórí òkè ni wọ́n ń gbé. Yẹ̀kínì ń tún ọkọ̀ ṣe, Bùsírátù ń dín àkàrà tà fún àwọn tó wá ṣe Hájì. Wọn kò ní ìkáámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò sì gbọdọ̀ wọ Mẹ́kà, nítorí náà Bùsírátù ló máa ń yọ́ wá kí ẹ̀gbọ́n wọn ní Jẹ́dà. Oyún ti bàjẹ́ lára Bùsírátù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tí òmíràn dúró ní 1978, àdéhùn wọn ni pé wọn yóò wá bímọ lọ́wọ́ Màmá. Ṣùgbọ́n ọmọ kò dúró de àdéhùn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àsárì, Abdulkarim kígbe sókè pé tẹlifóònù ń pe Màmá. Yẹ̀kínì ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń rọbí láti àárọ̀! Obìnrin tó ń gbẹ̀bí ládùúgbò yìí ní ìdí ni ọmọ gbé síwájú, ó ti sá lọ. Ẹ máa bọ̀!"

"Gbé e lọ sílé ìwòsàn."

"Láìsí ìkáámà? Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n máa ti gba ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ da aṣọ borí, ẹ ní Àlàájà ni yín. Ta ni yóò mọ̀?"

Màmá ní, "Yẹ̀kínì, èmi ni yóò mọ̀. Mi ò ní sẹ́ Jésù, mi ò sì ní fi irọ́ wọ ìlú tí ẹ̀yin kà sí mímọ́. Gbé e sọ́kọ̀. Màá pàdé yín níwájú ibi tí ṣọ́jà ti ń yẹ ìwé wò lójú ọ̀nà Jẹ́dà."

"Kí wọ́n lè mú wa? Ẹ̀sìn yín wá ju àbúrò yín lọ?"

"Bí wọ́n bá mú yín, wọn á mú mi mọ́ yín. Máa bọ̀!"

Màmá máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn Yẹ̀kínì yẹn gún àwọn bí abẹ́rẹ́. Wọ́n mọ̀ pé bí Bùsírátù bá kú lójú títì, àwọn kò ní rí ojú wo ẹnikẹ́ni ní Igbájọ mọ́. Síbẹ̀, wọ́n gbé àpò iṣẹ́ wọn. Abdulkarim gbé ọkọ̀ ìkẹ́rù rẹ̀ jáde, ìyàwó rẹ̀, Sabah, sì jókòó tì wọ́n kí Màmá má baà dá wọkọ̀ pẹ̀lú ọkùnrin. Abdulkarim ń sáré, ó ń ṣàwàdà: "Sọ kálímà ṣókí, kí o di Mùsùlùmí, kí n gbé ọ dé ẹnu ilẹ̀kùn." Màmá ní, "Ìwọ sáà wo títì."

Níwájú ibi àyẹ̀wò, ṣọ́jà àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Fadl wá bá wọn.

"Hájà, kí lẹ dúró ṣe níbí?"

"Ẹ má pè mí ní Hájà, ọ̀gá. Nàsárá ni mí, ọmọlẹ́yìn Jésù. Àbúrò mi ń rọbí bọ̀ láti inú ìlú, mi ò sì lè wọlé lọ bá a."

Fadl yẹ ìwé wọn wò, ó wo aṣọ dúdú tó bò wọ́n. "Ẹ bora dáadáa, ẹ gbọ́ èdè. Ọkọ̀ yín ì bá ti kọjá."

"Mo mọ̀."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni ọkọ̀ Yẹ̀kínì ti dé, tí Bùsírátù ń ké nínú rẹ̀. Fadl kò béèrè ìwé. Ó lọ gbé kẹ́tù omi gbígbóná tó fẹ́ fi po tíì wá. Sabah ta aṣọ yí ẹ̀yìn ọkọ̀ ìkẹ́rù ká, ó ń ka Kùránì, Màmá ń ka Sáàmù, Bùsírátù sì ń bú ọkọ wọn ní èdè Igbájọ tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò gbọ́. Màmá fi sùúrù gba ìdí ọmọ, wọ́n gba apá, wọ́n gba orí. Ọmọ kò ké. Màmá fa omi kúrò lẹ́nu rẹ̀, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú, wọ́n fi aṣọ ra á lẹ́yìn títí. Ó sín, ó sì figbe ta.

Fadl yíjú sí Yẹ̀kínì tó dúró tó ń làágùn. "Bàbá ọmọ, gbé ọkọ̀ rẹ kúrò lójú títì. O ń dí àwọn èèyàn lọ́nà."

Yẹ̀kínì wá dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn. "Ẹ̀gbọ́n, mo bínú sí yín lórí fóònù."

"Mo gbọ́. Gba ọmọ ẹ."

Naima ni wọ́n sọ ọmọ náà. Láti ìgbà náà, àwọn aboyún An-Nakkasah àti Al-Utaybiyah, àdúgbò mìíràn ní Mẹ́kà, máa ń wá sí Al-Ruwais kí oṣù wọn tó pé. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí Màmá gba ẹ̀sìn, Yẹ̀kínì ló máa ń dáhùn: "Ẹ fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀. Ọlọ́run mọ̀ wọ́n."

Ní 1984, Màmá padà sílé. Gbogbo Igbájọ jáde wá kí wọn ní Àlàájà, àní àwọn ará ìjọ pàápàá, wọ́n sì ń béèrè omi Sámúsámù. Màmá ní, "Ẹnu ọ̀nà ni mo dé o, omi ẹ̀rọ ni mo sì mu." Wọn kò gbà. Ìyá Ìjọ ni Màmá jẹ́ lọ́dún 1991, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń pè wọ́n ní Àlàájà Ìyá Ìjọ. Wọ́n ṣí ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n sì ń kọ́ àwọn àgbà obìnrin ní ìwé kíkà ní gbogbo ọ̀sán Sátidé.

Màmá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ọdún 2012, lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni Adéṣínà, Mojísọ́lá àti Olúgbénga, ọmọ wọn; àwọn ọmọ-ọmọ mọ́kànlá; Àlàájà Bùsírátù, àbúrò wọn; àti Naima, tí òun náà ti di agbẹ̀bí ní Jẹ́dà, tó wọ ọkọ̀ òfúrufú wá kí ó lè bá wọn wẹ òkú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀.

Sùn re o, Bánkẹ́ ọmọ Jòṣúà. Olúwa tí o kò sẹ́ níwájú ènìyàn kò ní sẹ́ ọ níwájú Bàbá.