Ọwọ̀ Tí Wọ́n Kó Wá fún Bàbá Sànyà

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópó Ajíbádé,
Ọgbà, Ìkẹjà,
Èkó.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Keje, 2025.

Oyinadé mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Job ọkọ rẹ ńkọ́? Ayọ̀tọ́lá ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń hú nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ti fi í sílẹ̀? Òjò Àkúrẹ́ ńkọ́? Ti ọ̀dọ̀ wa níbí kò ṣeé fẹnu sọ, aṣọ tí mo sá lánàá ṣì ń kán tótó títí di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n ara gbogbo wa le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Quadri ọkọ mi ní kí n kí ọ, ó ní láti ìgbà tí a ti wá kí yín, òun kò tíì rí ẹni tó ro ẹ̀bà bíi tìrẹ. Mo ti bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n mo jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi.

Mo mọ̀ pé o ti ń wò ó pé kí ló dé tí Sàídátù fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí wọ́ọ́sáàpù wà. Bàbá rẹ, Bàbá Sànyà tí gbogbo àdúgbò mọ̀, ló fà á. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yìí kọjá ohun tí ènìyàn ń fi àtàǹpàkò tẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù rẹ ń bà wọ́n. Wọ́n ní kí n bá àwọn sọ fún ọ pé àwọn kò ní lè wá máa gbé ní Àkúrẹ́ mọ́. Jọ̀wọ́, má tíì gbé fóònù. Jókòó, kí o kà á tán ná.

Ìwọ náà mọ ohun tí Ojúlé Dójúlé jẹ́ fún wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni wọ́n ti ń gbé ìwé ìròyìn kékeré yẹn jáde lóṣooṣù, tí à ń pín in láti Ọgbà dé Oko Ọba, títí kan Dopemu. Ta ló bímọ, ta ló ṣílé, gọ́tà wo ló dí, ilé iṣẹ́ wo ló ń gba òṣìṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ń wà níbẹ̀. Iṣẹ́ bisikíìtì tí mo ń ṣe lónìí, ojú ewé kẹta ni mo ti rí i, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kò fi lè kọ̀ fún bàbá rẹ láti máa bá wọn pín in. Nígbà tí Màmá wà láyé, àwọn ló ń kọ́kọ́ kà á, wọ́n á sọ èyí tó dùn, wọ́n á sì sọ èyí tó dà bí oògùn ibà. Láti ìgbà tí Màmá ti lọ, kò sí ẹni tó ń sọ nǹkan kan fún Bàbá mọ́. Àwa òǹkàwé, a máa ń kà á ni, a ò mọ̀ pé ó yẹ ká sọ fún ẹni tó kọ ọ́ pé a kà á.

Ẹran ló wá dá ọ̀ràn sílẹ̀. Bàbá lọ ra ẹran ní Oko Ọba lọ́dọ̀ Afeez alápatà. Afeez gé e, ó rọ ọ́ sínú náílọ̀nù, ló bá fa Ojúlé Dójúlé yọ, ó fi wé e lóde. Bàbá wò ó, wọ́n rí i pé ojú ewé tí wọ́n fi ṣe ìrántí Màmá gan-an ni. Wọ́n gbé ẹran náà délé, wọ́n gbé e fún mi, wọ́n ní àwọn kò jẹ ẹ́. Wọ́n ní, "Sàídátù, gbogbo ọdún tí mo ti ń kọ̀wé yìí, àṣé ẹran ni mò ń kọ ọ́ fún."

Ìgbà náà ni wọ́n pè ọ́ pé àwọn ti gbà láti wá máa gbé lọ́dọ̀ yín. Inú rẹ dùn, o ní kí wọ́n kun yàrá. Mo bá ọ yọ̀ lórí fóònù, Oyin, ṣùgbọ́n nígbà tí a sọ̀rọ̀ tán, ẹ̀yìnkùlé ni mo lọ sunkún sí.

Bàbá ní ìwé kan péré ló kù, pé ìdágbére ni, àwọn nìkan ló máa kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwọ náà mọ bàbá rẹ lórí ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Àwọn tó fi bírò pupa tún pátákó onídìrí ṣe. Àwọn tó dá káàdì ìgbéyàwó tèmi àti Quadri padà nítorí pé wọ́n tẹ "ọkọ̀ ìyàwó" síbi tó yẹ kí "ọkọ ìyàwó" wà, tí Quadri fi ń jẹ́ Mọ́tò ládùúgbò títí dòní. Ta ló máa rò pé ó yẹ kí ẹnì kan yẹ iṣẹ́ wọn wò?

Ohun tí wọ́n fẹ́ kọ ni pé ní Sátidé tó parí oṣù Kẹfà, kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wá síwájú ilé wọn láàárọ̀, kí a jọ dágbére fún ìwé náà. "A kò fẹ́ ẹ̀bùn, a kò fẹ́ owó. Ọ̀wọ̀ nìkan ni kí ẹ mú wá." Ọ̀rọ̀ àgbà, àbí? Wọ́n máa ń ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ṣùgbọ́n omijé bàbá rẹ kò jẹ́ kí wọ́n rí àmì kan tó jábọ́. Ohun tó jáde nínú ìwé ni, "Ọwọ̀ nìkan ni kí ẹ mú wá." Èmi tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn kò tilẹ̀ wo àmì.

Nígbà tí Sátidé náà dé, Bàbá to àga díẹ̀ síta, wọ́n ní kò sí ẹni tó máa wá. Mo se mọ́ínmọ́ín wá ní tèmi. Màmá Màríàm ló kọ́kọ́ dé láti Dopemu, ó gbé òṣùṣù ọwọ̀ tuntun há abíyá. Ó ní, "Sàídátù, ibo la ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Mo ti mọ̀ pé gọ́tà ni Bàbá máa fi kádìí ẹ̀." Kí n tó dá a lóhùn, kẹ̀kẹ́ kan ti dúró, àwọn lánlọ́ọ̀dù ilé ìsàlẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọwọ̀. Àwọn ọmọbìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bisikíìtì dé tàwọn ti yúnífọ́ọ̀mù wọn, ọwọ̀ ni. Àwọn télọ̀ dé, ọwọ̀ ni. Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá lọ pariwo pé, "Pátì wo lẹ ń ṣe kámpéènì fún? Ìdìbò ṣì jìnnà o!" Orí mi ń fò lọ. Mo rò pé bóyá ìmọ́tótó ìparí oṣù ti padà dé, tí èmi nìkan ò gbọ́.

Ẹnu ìyẹn la wà tí bàbá rẹ fi jáde nínú aṣọ funfun tí Màmá rà fún wọn. Wọ́n rí èrò, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n rí ọwọ̀, ẹ̀rín kú lójú wọn. Wọ́n ní, "Kí ni mo fi ṣe yín? Mo ní mo fẹ́ lọ, ó tún wá di pé kí ẹ kó ọwọ̀ wá gbá mi jáde?"

Afeez alápatà ló bọ́ síwájú, òun náà mú ọwọ̀ dání, ó sì fa ìwé yọ nínú àpò. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ o! Mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀." Ló bá kà á sókè bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́: ọwọ̀ nìkan ni kí ẹ mú wá.

Bàbá gba ìwé náà, wọ́n wọ awò ojú, wọ́n wò ó títí. Wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Sàídátù, dò mi ti jábọ́! Dò-dò ni mo fẹ́ kọ, re-dò ni mo kọ!" Ẹ̀rín bá bú jáde lẹ́nu wọn. Láti ìgbà tí a ti sin Màmá, n kò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu bàbá rẹ. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún èrò, Màmá Màríàm fi ọwọ̀ rẹ̀ bo ojú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri.

Èmi ni mo wá sọ ọ́, nítorí n kò lè pa á mọ́ra. Mo ní, "Bàbá, ẹ ní ẹnì kankan kì í kà á. Ẹni tí kò bá kà á, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ọwọ̀ lẹ ní kó mú wá?" Wọ́n kàn ń wo ọwọ̀ gbogbo yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Afeez kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, náílọ̀nù ló ń gba ẹran dúró, ìwé yín lèènì. Mo máa ń kọ́kọ́ kà á tán. Àwọn kọ́sítọ́mà mi láti Akówọ́njọ, ibo ni wọn ì bá ti rí i? Tí mi ò bá fi wé e, wọ́n á ní mo rẹ́ àwọn jẹ." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé ti ọjọ́ yẹn, òun mọ̀ọ́mọ̀ mú ojú ewé Màmá ni, nítorí pé Màmá ni ẹni tó kọ́kọ́ ra ẹran lọ́wọ́ òun nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀. Òun fẹ́ kí Bàbá mọ̀ pé òun tọ́jú ìwé náà, òun kò sì mọ bí òun ṣe máa fẹnu sọ ọ́. Bàbá fa Afeez dìde, wọ́n dì í mú, wọn kò tètè fi í sílẹ̀. Ojú mi kò gbẹ, ojú ẹnikẹ́ni kò gbẹ.

Ọwọ̀ ti wà nílẹ̀, a kò lè kó o padà lófo. A gbá òpópó wa láti ẹnu ọ̀nà Bàbá títí dé kọ́nà, a kó gọ́tà onídìrí tí Bàbá ti ń kọ̀wé lé lórí láti ọdún tó kọjá. Bàbá gba ọwọ̀ lọ́wọ́ Màmá Màríàm, wọ́n gbá ojúlé tiwọn fúnra wọn, bí wọ́n ti ń gbá a ni wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ sọ fún ẹni tó bá ṣi ohùn. Mọ́ínmọ́ín mi kò tó nǹkan rárá. Ilé ọba tó jó yẹn, ẹwà ló bù sí i.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, má bínú sí wọn. Bí o bá rí bí wọ́n ṣe ń yára rìn báyìí, ìwọ gan-an á ní kí wọ́n dúró síbí. Wọ́n ní kí o má tíì fún ẹlòmíràn ní yàrá yẹn, àwọn á wá fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sinmi níbẹ̀ lọ́dún Kérésì, ṣùgbọ́n àwọn á gbé bírò pupa dání. Mo fi àwọn ọmọ Àkúrẹ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Bá mi kí Job, kí o gbá Ayọ̀tọ́lá mọ́ra fún mi. Uswat ọmọ mi ń kí yín, Màmá Màríàm náà ní kí n má gbàgbé òun. Ìwé tuntun jáde láàárọ̀ àná, mo fi ẹyọ kan sínú àpòòwé yìí. Má wulẹ̀ wá ibòmíràn lọ, ṣí ojú ewé kejì, wo ohun tí bàbá rẹ kọ sínú àpótí kékeré nísàlẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, àmì kankan kò jábọ́:

"A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀yin òǹkàwé wa. Nínú ìwé tó kọjá, a ní kí ẹ mú ọwọ̀ wá. Ọ̀wọ̀ ni a fẹ́ kọ. Ẹ ṣeun tí ẹ mú méjèèjì wá."

Èmi náà nìyí, tìrẹ láti ìgbà tí a ti jọ wà ní kíláàsì,

Sàídátù, ìyàwó Mọ́tò.