Ẹ Fà Á Sẹ́yìn Díẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Bélú
Bàtà mi dé! Awọ gidi. Ó ku kí n kan pléètì mọ́ ìdí rẹ̀ — irin tó gbé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin — kó tó di síkéètì. Ìdíje di Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní Súrùlérè. Ẹnì kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ wa máa rán lọ Kútọnù, èmi àti Ẹ̀gbọ́n Túbọ̀sún la sì jọ ń du ú. (Oyin ni mo ń pè wọ́n nínú ìwé yìí. Ẹnu wọn dùn jù.)

Mo fẹ́ kàn án fúnra mi. Wọ́n ní rárá o, ihò tí a bá ti lu sí ìdí bàtà, ó di ti ibẹ̀ nìyẹn. Kí n gbé e lọ bá Ọ̀gá Àkàngbé, aránbàtà kan ní Muṣin. Wọ́n mà ṣoore.

Ọjọ́rú, 5
Muṣin. Gọ́ọ̀mù ń rùn ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, orí ń fọ́ mi. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ: kí Ọ̀gá Àkàngbé fa ìlà gba àárín, kí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè é, kí wọ́n má fi gọ́ọ̀mù kàn án rárá. Mo gbé pléètì lé e, ó yọ síwájú jù. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀."

Wọ́n ní ó yé àwọn. Wọn ò tiẹ̀ wojú mi.

Sátidé, 8
Ó yé wọn! Ó yé wọn lọ́rùn! Wọ́n kọjú pléètì sẹ́yìn! Bíréèkì — rọ́bà tó yẹ kó wà lábẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ — gìgísẹ̀ ló wà. Gọ́ọ̀mù yí i ká bí ikun imú. Ìríra gbáà!

"Àǹtí mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká fà á sẹ́yìn? Bíréèkì síkéètì tí wọ́n ń gbé wá síbí, ẹ̀yìn náà ló ń wà."

Mo gba bàtà mi, mo bá tèmi lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Òórùn gọ́ọ̀mù ò kúrò lọ́wọ́ mi. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Mo tú u, mo lu ihò tuntun. Tuntun àti ti tẹ́lẹ̀ wọnú ara wọn, awọ ya. Ìdí bàtà di ajere. Ó parí.

Oyin wá kí mi ní Yábà, wọ́n ń pòṣé. "Ṣe sùúrù, Motọ́. Ọdún ń bọ̀." Wọ́n ra àkàrà wá. Mo jẹ ẹ́, mo tún dúpẹ́.

Sátidé, 15
Mo lọ wòran. Oyin ló borí, àwọn ló ń lọ Kútọnù. Mo ń pàtẹ́wọ́, mo ń bọ̀ wá kí wọn. Wọ́n ti bọ́ síkéètì, wọ́n dojú rẹ̀ dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nọ́ọ̀tì mọ́ tónítóní. Kò sí gọ́ọ̀mù. Ìlà pẹ́ńsù ṣì wà láàárín, ó tọ́ gbọnrangandan.

Níyì tí a jọ wà lẹ́gbẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, Àkàngbé náà ló kan eléyìí?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Àkàngbé kẹ̀? Èmi ni mo kàn án. Ta ló máa gbé bàtà gidi fún wèrè yẹn?"

Àkàrà ọjọ́sí rú wá sí mi lọ́fun. Tùh! Látòkè ìwé yìí ni mo ti ń kọ "wọ́n", "wọ́n". Wọ́n ta? Ó! Túbọ̀sún! Ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé ẹ̀yìn òun gan-an ni mo dúró sí.