Nípa Kíndìnrín Tí O Fún Mi

Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, ọmọ ìyá mi,

Báwo ni gbogbo ilé? Ṣé ìyàwó ti bọ́ lọ́wọ́ ikọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbígbẹ̀yìn tó ń fa ìwé ya bí ẹni gbowó iṣẹ́? Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, ṣé o ń sinmi? Ọkọ mi ń kí ọ. Òun ló ń bá mi lọ aṣọ oníbàárà báyìí. Má rẹ́rìn-ín, jọ̀ọ́. Ó ti fi áyọ́ọ̀nù jó kọ́là ẹ̀wù kan, ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ pé o ń pè mí, n kò gbé e. Ìbéèrè rẹ ni mò ń sá fún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yọ kíndìnrín kan lára rẹ, tí wọ́n fi sí ara mi, bí o bá ti pè, ohun tí o máa kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Àǹtí mi, ọmọ mi ńkọ́?” Èmi náà á ní, “Ọmọ rẹ ń mu omi, ó ń tọ̀, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.” A ó wá rẹ́rìn-ín títí káàdì yóò fi tán. Àwàdà yẹn kò rọrùn fún ẹnu mi mọ́.

O rántí pé Kòrónà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n ní ó ti lọ, tí gbogbo yín dúpẹ́. Àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ. Àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù tí mo máa ń sáré gùn, agbedeméjì ni mò ń dúró sí báyìí, tí n ó máa tú báàgì bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́, kí àwọn ará ìsàlẹ̀ má baà mọ̀ pé èémí ló tán. Orí mi náà ń ṣe kùrukùru. Olùkọ́ kan gbé aṣọ wá, ó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún ìgbéga. Èmi tí mo ti ń ránṣọ kí o tó hu irùngbọ̀n, mo gé apá òsì méjì fún un! Aṣọ náà kò sì ṣẹ́ kù. Mo jókòó sílẹ̀, mo bú sẹ́kún. Obìnrin náà ní, “Ẹ má sunkún mọ́, Màmá. Ẹ kúkú bá mi rán an láìlápá, ooru ń mú.” Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: mo rí i pé èèyàn dáadáa ni.

Dókítà mi ní oògùn tí mò ń lò kí ara mi má baà bá kíndìnrín rẹ jà, òun náà ni kò jẹ́ kí ara lè bá Kòrónà jà dáadáa, ló fi pẹ́ lára mi, tó sì fi àpá sílẹ̀. Mo bi í bóyá kí n dín oògùn náà kù, bí àbúrò bàbá wa obìnrin ṣe ń gbà mí nímọ̀ràn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò lórí àga. Ó ní bí mo bá dán an wò, ara mi á kọ kíndìnrín náà. Nítorí náà mò ń lò ó, ọkọ mi sì ń dúró tì mí bí ọlọ́pàá títí n ó fi gbé e mì.

Àbúrò mi, ohun tí mi ò lè sọ lórí fóònù nìyí: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé agbára kíndìnrín náà ti dín kù láti ìgbà tí Kòrónà ti mú mi. Dókítà ò sọ pé á kú, kò sì ṣèlérí pé á padà sí bó ṣe wà. Wọ́n á máa ṣọ́ ọ ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe ti ikú nìkan. Ẹ̀rù ń bà mí kí o má lọ rò pé mo fi ẹ̀bùn rẹ ṣòfò.

Kò ṣòfò o. Òun ló jẹ́ kí n rí ìgbéyàwó ọmọbìnrin mi, òun ló jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi wẹ ọmọ ọmọ mi. Bí ó bá wá rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ti ṣiṣẹ́.

Bá mi kí ìyàwó, bá mi gbé àwọn ọmọ mọ́ra. Pè mí lọ́jọ́ Àìkú, n ó gbé e. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má tíì béèrè ọmọ rẹ. Kọ́kọ́ bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ńkọ́?”

Èmi ni tìrẹ, lóde àti nínú,
Àǹtí Aránṣọ.