Òṣùpá tó wà lẹ́yìn orí Màmá

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le, òtútù Kánádà ò tíì rí mi gbé ṣe.

Mo rí fọ́tò Màmá tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ ní ìrọ̀lẹ́ àná lẹ yà á, níwájú ilé wa l'Óǹdó. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òṣùpá tó wà lẹ́yìn orí wọn tín-ín-rín bí èékánná. Òṣùpá tí èmi rí níbí lánàá yọ róbótó bí àwo.

Bàbá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ gbé ọsàn àti àtùpà wá sí kíláàsì wa láti fi kọ́ wa nípa òṣùpá? Ẹgba mẹ́ta lẹ nà mí nígbà tí mo ní òṣùpá Àkúrẹ́ yàtọ̀ sí ti Oǹdó. Ẹ ní ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń wò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí ẹ ti ń sọ pé fóònù Màmá bàjẹ́. Mo mọ̀ pé wọn kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò. Ẹlòmíì ì bá purọ́ fún mi, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ẹ kí Gbémiga àbúrò mi. Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí ẹ tẹ́ wọn sí.

Ọmọ yín,
Oyèbọ́lá